Kíláàsì eré ìdárayá fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ ní Ìlọrin: ibi tó dára, ibi tó kù

Ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin ló ń ṣe ètò tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ìwádìí tó so mọ́ ọn kò tíì parí. Ọ̀sẹ̀ 12 ni ètò náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Sátidé, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àtọ̀gbẹ irú kejì, tàbí tó ní méjèèjì pọ̀, tí dókítà sì ti ń tọ́jú, ni wọ́n ń gbà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, tó ń darí eré ìdárayá náà ló tún ń kó àkọsílẹ̀ jọ fún ìwádìí. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ wá mọ nǹkan méjì: bí eré ìdárayá náà ṣe rí, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Eré ìdárayá náà dára gan-an. Ìwádìí náà dára níbi tí wọ́n ti pe àwọn aláìsàn jókòó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì kọsẹ̀ níbi tí wọn ò ti pè wọ́n. Ẹ ó rí i bí a ṣe ń lọ pé ààlà yẹn hàn kedere.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gùn. Ẹ ya wákàtí méjì ààbọ̀ sọ́tọ̀, ẹ jẹun àárọ̀, ẹ lo òògùn yín bí ẹ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ sì kó gbogbo páálí òògùn náà dání, àgbo pẹ̀lú. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ ó fi jókòó láìsọ̀rọ̀, ẹ̀yìn yín á fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ́ sílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, apá á wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú kan láàárín. Ohun tó wú wa lórí jù níbẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá: wọ́n ní kékeré, wọ́n ní ti àárín, wọ́n sì ní ńlá. Bí aṣọ náà bá kéré ju apá lọ, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ fi òògùn kún òògùn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò bèèrè fún un. Ẹ̀yin ìyá wa tí apá yín tóbi, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ ní kí wọ́n mú ńlá wá.

Fún alátọ̀gbẹ, wọ́n á yẹ ẹsẹ̀ wò. Fọ́nrán ọ̀rá tín-ín-rín kan ni wọ́n ń lò, irú èyí tó máa ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi agbára gíráàmù 10 tì í. Ẹ ó di ojú, wọ́n á fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ yín níbi mélòó kan, ẹ ó sì máa sọ ibi tí ẹ ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lára, wọn kì í lé e kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n á yí ìrìn rẹ̀ padà sí kẹ̀kẹ́ àdúrólójúkan tàbí eré orí àga. Ìdí ni pé ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri lè tẹ òkúta, kó bó, kó sì di egbò kí ẹni tó ni ín tó mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọ̀nà tó tẹ́jú, tó gùn ní mítà 30, kóònù kan níbẹ̀rẹ̀, òmíràn lópin. Ẹ ó máa rìn lọ rìn bọ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ sáré. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ lè dúró mí, ṣùgbọ́n aago ò ní dúró dè yín. Ẹni tó ń wọ̀n ín kò gbọ́dọ̀ bá yín rìn ní ẹ̀gbẹ́, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa fa ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí wọ́n ṣe ìdánwò yìí, kí wọ́n sì mú èyí tó gùn jù, nítorí pé lẹ́ẹ̀kejì, ènìyàn ti mọ bó ṣe ń lọ, ó sì máa ń rìn jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe é níbí. Àléébù ńlá ni. Bí ẹnì kan bá fi mítà 20 kún ìrìn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ta ni yóò sọ bóyá ara ló le sí i tàbí ìmọ̀ọ́ṣe lásán ni? Nínú àwọn tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, mítà bí 30 ni àwọn onímọ̀ ń kà sí àyípadà tí aláìsàn fúnra rẹ̀ á mọ̀ lára.

Ìdánwò dídìde lórí àga rọrùn: àga tí kò ní apá, tí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 43, tí wọ́n fi ti ògiri kó má baà sún. Ẹ ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, ẹ ó dìde, ẹ ó jókòó, wọ́n á ka iye tí ẹ bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30.

Kíláàsì fúnra rẹ̀ wàyí. Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ wà fún mímú ara gbóná: rírìn pẹ̀lẹ́, yíyí èjìká, gbígbé orúnkún. Ìṣẹ́jú 30 tó tẹ̀ lé e ni ìrìn kánmọ́kánmọ́ yí ká pápá, tàbí kẹ̀kẹ́ àdúrólójúkan fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ìṣẹ́jú 15 ni fífa rọ́bà gígùn tó ń nà, láti mú iṣan le. Ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn ni ìrìn pẹ̀lẹ́ títí ara á fi rọlẹ̀. Ẹ má ṣe sá kúrò kí èyí ìkẹyìn tó parí. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ ló ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí ó bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á jókòó sínú ẹsẹ̀, òòyì á sì kọ́ ọ. Ẹni tó ń lo òògùn tó ń mú ni tọ̀ ló yẹ kó ṣọ́ra jù, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta sí ìkẹrin, nígbà tí òógùn ti gba omi lára rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti ọdún 2020 pé ìṣẹ́jú 150 sí 300 ló yẹ kí àgbà fi ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán mú iṣan le. Ìtọ́sọ́nà yẹn dárúkọ àwọn tó ní àìsàn tó ń bá ni gbé ní pàtó, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ irú kejì wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ìrìn ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́ 90. Ó ku 60 tí ẹ ó rìn fúnra yín nílé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń já. Ẹni tó bá rò pé kíláàsì nìkan ti tó ń tan ara rẹ̀. Fún alátọ̀gbẹ, kí ọjọ́ méjì tẹ̀ léra wọn má kọjá láìsí ìrìn kankan, torí bí eré ìdárayá ṣe ń ṣí iṣan sílẹ̀ láti gba ṣúgà kì í pẹ́ lára ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tú ọjọ́ kíláàsì ká, tí wọn ò kó wọn sójú kan.

Wọn kì í ka ìlù ọkàn láti mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, wọ́n sì gbọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru ló ń lo atenolol tàbí irú rẹ̀, òògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré bó ti wù kí ènìyàn ṣe wàhálà tó. Ẹni tó bá ń lé nọ́ńbà ìlù ọkàn lórí òògùn yẹn á ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹnu ni wọ́n ń lò. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lè kọ orin parí, ẹ yára sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já sí méjì lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́.

Ti rọ́bà ní ewu tirẹ̀. Láti orí pupa ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá bọ́ sí àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà àwọ̀ búlúù. Bí àwọ̀ ṣe ń yí ni ó ń le sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá lẹ ó fà á, ẹ ó sinmi, ẹ ó tún un fà. Bí ẹ bá lè fà á kọjá 12 láìsí ìnira, àwọ̀ yẹn ti fúyẹ́ jù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni dídá èémí dúró nígbà tí wọ́n bá ń fà á: ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ga sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ènìyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe ń fà, ẹ mí sínú bí ẹ ṣe ń dá a padà. Kíka iye rẹ̀ sókè lóhùn rara ló dára jù, torí ẹni tó ń kà kò lè dá èémí dúró. Rọ́bà náà kì í sì í fẹ́ oòrùn, kì í fẹ́ òróró. Ẹni tó bá fi òrí tàbí àdí àgbọn para kó tó wá, ọwọ́ rẹ̀ á ba rọ́bà jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ nà án sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá rí ihò bíńtín, ẹ má lò ó mọ́, nítorí ojú ni yóò já lù. Ẹ fi páúdà díẹ̀ sí i kí ẹ tó ká a pamọ́.

Ní ti ṣúgà, wọ́n ń wọ̀n ọ́n kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin àti ẹni tó ń lo Daonil tàbí irú rẹ̀, torí àwọn òògùn wọ̀nyí lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù nígbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo metformin nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ewu yìí. Bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 90 (mg/dL ni gbogbo nọ́ńbà ṣúgà níbí), ẹ ó jẹ nǹkan díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá já sí abẹ́ 70 nígbàkúùgbà, ẹ dúró: ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà nínú omi, ẹ mu ún, ẹ jókòó, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Kì í ṣe wàrà, kì í ṣe ẹ̀pà. Ọ̀rá inú wọn ń dá ṣúgà dúró nínú ikùn, èyí tí ẹ nílò sì ni èyí tó máa tètè dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń lo atenolol pẹ̀lú insulin gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àyà rẹ̀ lè má já nígbà tí ṣúgà bá wálẹ̀. Òógùn tútù ni kó máa wò. Bí ṣúgà bá ju 250 lọ, tí èébì sì ń gbé e tàbí tí wọ́n rí ketone, èròjà tó ń jáde nígbà tí ara bá ń jó ọ̀rá dípò ṣúgà, nínú ìtọ̀ rẹ̀, kò sí eré ìdárayá lọ́jọ́ yẹn, dókítà ni kó rí. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀ ni ààlà wọn: bó bá ti dé ibẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ sinmi, wọ́n á tún un wọ̀n, bí kò bá wálẹ̀, ẹ ò ní ṣe.

A ti sọ pé àwọn aláìsàn wà níbi ìpìlẹ̀ ètò yìí. Ó yẹ ká ṣàlàyé ohun tí ìyẹn jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń dà á pọ̀. Ẹni tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ fún ìwádìí, ẹni tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wọn pinnu ohun tí wọ́n máa wọ̀n, ìgbà tí kíláàsì máa wáyé, àti bí ìwé ìbéèrè ṣe máa rí, ẹni tó lọ́wọ́ sí ìwádìí ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ẹgbẹ́ INVOLVE sílẹ̀ lọ́dún 1996 fún iṣẹ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2010 ló dá PCORI sílẹ̀, àjọ tó ń náwó lé ìwádìí tí aláìsàn lọ́wọ́ sí. Kì í ṣe nǹkan tuntun lágbàáyé. Ní ilé ìwòsàn yìí, aláìsàn mẹ́rin ni wọ́n fi sí ìgbìmọ̀: ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, ọ̀kan nínú wọn kò kàwé rárá, wọ́n sì ń fún wọn lówó ọkọ̀ àti owó ìjókòó bíi ti àwọn yòókù.

Ohun tí ìgbìmọ̀ yìí yí padà pọ̀. Àwọn olùwádìí fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ìrìn, ó parí. Àwọn aláìsàn ní kí wọ́n fi ohun kan kún un: dídìde láti ilẹ̀. Ní Ìlọrin, ẹni tí kò lè forí kanlẹ̀ mọ́ níbi ìrun, tó di ẹni tí ń kírun lórí àga lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, àdánù ńlá ló kà á sí, ju pé nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga lọ. Ìyàwó ilé tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ìtìjú ló ń bá a gbé. Ọkùnrin tí kò lè dọ̀bálẹ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kì í fẹ́ lọ mọ́. Wọ́n wá ṣe ìdánwò kan: ẹ jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ẹ dìde, wọ́n á ka ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á sì kọ bóyá ẹ fi ọwọ́ ti ilẹ̀ tàbí ẹ di nǹkan mú. Kò sí físíò tó ronú kan èyí lórí tábìlì rẹ̀. Òun sì ni ohun tí àwọn tó wá ń bèèrè nípa rẹ̀ jù, torí òun ni wọ́n ń rí nílé.

Ìwé òṣùwọ̀n ìnira tí wọ́n mú wá náà yí padà. Òṣùwọ̀n Borg, tí ènìyàn fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ni ín lára tó, tí wọ́n sì ń lò káàkiri ayé, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 6, ó sì parí sí 20. Fún ẹni tí kò kàwé, kí ni 6 ń wá níbẹ̀rẹ̀? Àwọn aláìsàn fi iṣẹ́ ilé rọ́pò rẹ̀: ó dà bí ẹni jókòó ṣa ẹ̀wà, ó dà bí ẹni ń gbálẹ̀, ó dà bí ẹni pọn omi bọ̀ láti odò, ó dà bí ẹni ń gúnyán fún àlejò mẹ́wàá. Ìpele pípọn omi ni wọ́n fẹ́ kí ẹ wà. Ìyá tó ń ta ata ní Ìpàtà lè dáhùn èyí láìdúró ronú, àkọsílẹ̀ ìwádìí náà sì máa ń péye sí i nítorí rẹ̀.

Àkókò kíláàsì pẹ̀lú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pinnu, nítorí ìgbà yẹn ni ó rọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn aláìsàn ní ọjà ti ṣí nígbà yẹn, oòrùn sì ti ń ta. Aago méje àárọ̀ ni ó wà báyìí. Àwọn obìnrin ní kíláàsì tiwọn nínú gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ kò kọjú sí títì, kí ẹni tó ń lo ìbòrí lè fà rọ́bà láìsí pé ojú ọ̀nà ń wò ó. Tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí wọ́n fọ̀ mọ́ ni ẹni tí kò lè ra rọ́bà ń lò nílé. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn ìgbìmọ̀ ló dá a lábàá, àwọn físíò sì dán an wò kí wọ́n tó gbà á.

Oṣù Ramadan ni ibi tí ìgbìmọ̀ yìí ti ṣe wọ́n láǹfààní jù. Ìwé ìwádìí àkọ́kọ́ kò mẹ́nu kan ààwẹ̀ rárá, bí ẹni pé Ìlọrin ni wọn ò kọ ọ́ fún. Ẹni tó bá wà lórí insulin tàbí Daonil tó sì rìn kánmọ́kánmọ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó ṣínu, ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tí á dákú. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé kíláàsì á bọ́ sí wákàtí méjì lẹ́yìn ìṣínu, ìrìn á dín kù sí ìṣẹ́jú 15, ìrun àṣámù á sì wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá ọjọ́ yẹn. Ìtọ́sọ́nà àwọn onímọ̀ nípa àtọ̀gbẹ àti ààwẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀: rùkúù, ìforíkanlẹ̀, dídìde, léraléra, iṣẹ́ gidi ni fún iṣan. Kí ààwẹ̀ tó dé ni kí ẹ sì ti bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ó ṣe pín òògùn sí sààrì àti ìṣínu. Ẹ má dá a pín fúnra yín.

Ibi tó kọsẹ̀ rèé. Ìwé ìfọwọ́sí jẹ́ ojú ewé márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan á máa túmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá yàtọ̀, ìtumọ̀ á yàtọ̀. Òfin Ètò Ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwádìí lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé ète ìwádìí náà àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún un. Àlàyé tí ènìyàn kò gbọ́, àlàyé kọ́. Wọn ò fi ìwé yìí han ìgbìmọ̀ aláìsàn rí. Ká ní wọ́n fi hàn wọ́n ni, ọjọ́ kan ni wọn ò bá fi tún un kọ ní Yorùbá ojú ewé méjì, àmì ohùn àti gbogbo rẹ̀.

Kèké ṣíṣẹ́ ló tún ń bí ọ̀pọ̀ nínú. Lẹ́yìn ìfọwọ́sí, kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ kèké láti pín àwọn ènìyàn sí méjì: ìdajì á bẹ̀rẹ̀ kíláàsì lọ́gán, ìdajì á dúró fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n á kàn máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Àwọn tó dúró rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní Kwara níbí. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi ẹlẹ́jẹ̀ ríru agbègbè Afọ́n, níbi tí ètò adójútòfò ìlera dé lọ́dún 2009, wé ti Àjàṣẹ́-Ìpo níbi tí kò tíì dé, èsì tó jáde ní 2014 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ní Afọ́n. Ṣùgbọ́n ó wálẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo náà, kò kàn tó ti Afọ́n ni. Ká ní Afọ́n nìkan ni wọ́n wò, gbogbo rẹ̀ ni wọn ò bá kà sí iṣẹ́ adójútòfò. Bákan náà ló rí níbí: láìsí àwọn tó dúró, ẹnikẹ́ni ò ní mọ èwo ni ti eré ìdárayá, èwo sì ni ti pé ènìyàn rántí òògùn rẹ̀ torí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀bi ilé ìwòsàn náà ni pé wọn ò ṣàlàyé èyí kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké, lẹ́yìn ìgbà tí ojú ti pọ́n ni wọ́n ń sọ ọ́. Àwọn tó dúró ń wọ kíláàsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn sì dára.

Ìwé ìkọ̀wé ojoojúmọ́ tí wọ́n fún àwọn ènìyàn mú lọ sílé ní àṣìṣe kan tó lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀rọ nílé máa kọ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ àkókò. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn eré ìdárayá, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ní kété tó bá ti ìrìn dé á rí nọ́ńbà tó dùn mọ́ ọn, á sì fẹ́ dín òògùn kù. Àárọ̀ ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó lo òògùn, kí ẹ tó rìn, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ohun tí eré ìdárayá tó ń lọ déédéé máa ń yọ kúrò nínú nọ́ńbà òkè fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru jẹ́ bíi 5 sí 8. Ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn, àmọ́ kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí ẹ̀ ju òògùn nù.

Owó ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Ìparí oṣù ni wọ́n ń san án. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ méjì kó tó dé láti Gáà Akanbí, tó sì tún fẹ́ gun méjì padà, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò ní owó tó ń dúró de ìparí oṣù. Àwọn tó lówó ni yóò kù nínú kíláàsì, èsì ìwádìí á sì di èsì àwọn tó lówó. Ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa san án, kódà kó kéré.

Ẹ̀ka kékeré kan wà fún Gúúsù Kwara, lójú ọ̀nà Òmù-Àrán. Níbẹ̀, ìgbà òjò ni kíláàsì máa ń ṣófo, torí àwọn ènìyàn wà lóko. Ìwé ìwádìí kọ wọ́n sílẹ̀ bí ẹni tó pa eré ìdárayá tì, nígbà tó jẹ́ pé ebè ni wọ́n ń kọ láti àárọ̀. Kò sí aláìsàn láti ẹ̀ka yẹn nínú ìgbìmọ̀ mẹ́rin náà, ó sì hàn.

Ta ló yẹ kó wọlé? Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tàbí alátọ̀gbẹ tó ń lo òògùn rẹ̀ déédéé, tó lè rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, tó sì ní bàtà tí iwájú rẹ̀ dí. Sílípáàsì kò ṣe é lò. Ẹ ra bàtà náà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí àyà ń dùn nígbà tó bá ń rìn, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, ẹni tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti ń sun nínú ojú rẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà wọn.

Kí ẹ tó tẹ ìka, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè kúrò nígbàkúùgbà kí wọ́n má sì dá ìtọ́jú yín dúró; ìdáhùn tó tọ́ ni bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n ẹni tó ń gbówó ilé ìwòsàn bí ẹ bá fara pa nínú kíláàsì. Ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa sọ èsì fún yín, kì í ṣe fún ìwé ìròyìn àwọn dókítà nìkan. Títí di àkókò yìí, ilé ìwòsàn náà kò ní ọjọ́ kankan fún èyí, ìgbìmọ̀ aláìsàn sì ti ń bèèrè rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ fún HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn; ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ 12 fi bá a mu. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé tí nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn yín wà lórí ẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà yín. Ní ọ̀sẹ̀ 13, kò sí kíláàsì mọ́, ohun tí ara ti jèrè sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn kan nínú àwọn tó ti parí ń pàdé fúnra wọn ní aago méje àárọ̀ Sátidé, wọ́n ń rìn fún ìṣẹ́jú 30, wọ́n sì ń ka rọ́bà fífà sókè lóhùn rara. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń pàdé kí ẹ tó jáde lọ́jọ́ ìkẹyìn.